Toupie àbí défonceuse abẹ́ tábìlì: èwo ló yẹ atelier yín?

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ igi ní Bassila tàbí ní Manigri mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ayùn àti rabot ọwọ́ nìkan ò ní tó mọ́. Oníbàárà á mú fóònù jáde, á fi fọ́tò ilẹ̀kùn kan hàn yín: panneau rẹ̀ yọ sókè láàárín, etí rẹ̀ ní ọ̀ṣọ́ roboto, gbogbo rẹ̀ ń dán. Á ní: "Irú èyí ni mo fẹ́ o, mẹ́fà." Ẹ̀rọ méjì ló sábà máa ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni toupie. Èkejì ni défonceuse tí a dorí rẹ̀ kodò sábẹ́ tábìlì.

Tí èèyàn bá wò wọ́n láti òkèèrè, bákan náà ni wọ́n rí: tábìlì tó tẹ́jú, ihò láàárín rẹ̀, abẹ tó ń yí nínú ihò náà, àti igi tí à ń tì kọjá níwájú abẹ. Àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ohun tí ọ̀kan ń ṣe láìlàágùn lè pa mọ́tò èkejì. Owó tí èèyàn fi ọdún mẹ́ta dá nínú tontine lè bọ́ sórí ẹ̀rọ tí iná àdúgbò rẹ̀ ò lè gbé. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹ̀rọ tí a kò mọ̀ dáadáa ń gé ìka, ìka tó bá sì ti bọ́ kì í padà hù. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ méjèèjì yìí, fún ẹ̀yin ọ̀gá, fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń múra fún ìdánwò CQM tàbí CQP, àti fún àwọn ará wa ní Kambolé ní ìhà Togo, tí èdè wa jẹ́ ọ̀kan náà.

Kí ni toupie?

Toupie jẹ́ ẹ̀rọ tó wúwo. Tábìlì rẹ̀ jẹ́ irin dídà, mọ́tò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, okùn rọ́bà tí à ń pè ní courroie ló sì ń gbé agbára mọ́tò lọ sára ọ̀pá irin kan tó dúró ṣánṣán. Ọ̀pá yẹn là ń pè ní arbre. Ní àwọn ẹ̀rọ tó ń ti Faransé àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká wá, arbre tó wọ́pọ̀ jẹ́ 30 mm ní ìbú. Ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lè jẹ́ 50 mm. Abẹ rẹ̀ ní ihò láàárín, a ó gbé e wọ arbre, a ó sì fi èso irin dì í mọ́lẹ̀.

Toupie kì í sáré púpọ̀. Ó sábà máa ń yí láàárín ìgbà 3,000 sí 10,000 ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá fẹ́ yí ìyára rẹ̀ padà, ẹ ó gbé courroie láti orí poulie kan sí òmíràn. Mọ́tò rẹ̀ kò ní charbon, ó sì lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìgbóná jù. Ọ̀pọ̀ toupie ló lè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Èyí wúlò tí ojú igi bá ń ya ní ìhà kan, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ yí abẹ padà kí ẹ tó yí mọ́tò padà.

A tún lè gbé ẹ̀rọ kékeré kan sórí toupie tó ń fi àwọn táyà rọ́bà ti igi lọ fúnra rẹ̀. Entraîneur ni wọ́n ń pè é. Ibi tó bá wà, ọwọ́ èèyàn kì í dé tòsí abẹ rárá, igi sì ń lọ ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Défonceuse kékeré kò lè bá entraîneur rìn pẹ́.

Kí ni défonceuse abẹ́ tábìlì?

Défonceuse fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ ọwọ́. Ó pẹ́ tó ti wà: Carter, ọkùnrin kan ní ìlú Syracuse ní Amẹ́ríkà, tà á púpọ̀ káàkiri, ilé iṣẹ́ Stanley sì ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1929. Mọ́tò kan ni, tó ní ọwọ́ méjì tí a fi ń dì í mú, tí fraise sì wà ní ẹnu rẹ̀. Fraise yìí kò ní ihò. Ó ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń kì bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹnu yẹn ni pince. Ìrù fraise lè jẹ́ 6 mm, 8 mm tàbí 12 mm. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà tàbí England lè jẹ́ 6.35 mm tàbí 12.7 mm. Ẹ má ṣe fi ìrù 12 mm sínú pince 12.7 mm láé, kódà tó bá dà bíi pé ó dì. Á yọ lórí iṣẹ́.

Kàkà ká máa gbé ẹ̀rọ lọ bá igi, a lè de ẹ̀rọ mọ́ abẹ́ tábìlì, ká wá máa gbé igi lọ bá a. Ohun tó ń jẹ́ défonceuse abẹ́ tábìlì nìyẹn. Ìyára rẹ̀ ga gan-an: láti nǹkan bí 8,000 tàbí 10,000 dé 22,000, àwọn míì tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 1,000 W sí 2,300 W. Mọ́tò rẹ̀ ní charbon méjì tó ń jẹ tán, tí a sì ń pààrọ̀. Ó ń pariwo, ariwo rẹ̀ sì ń gún etí ju ti toupie lọ.

Àǹfààní ńlá tó ní ni pé ó ṣeé tú. Láàárọ̀, ó wà lábẹ́ tábìlì tó ń ṣe etí panneau. Lọ́sàn-án, ẹ tú u, ẹ gbé e lọ sí ilé oníbàárà láti gbẹ́ ibi tí serrure àti paumelle máa wọ̀. Toupie ò lè ṣe ìyẹn. Bákan náà, gbẹ́nàgbẹ́nà lè kan tábìlì náà fúnra rẹ̀: contreplaqué tó nípọn, ẹsẹ̀ mẹ́rin tó dúró gbọn-in, pátákó líle tó nípọn tó 6 mm sí 10 mm tí a ó de ẹ̀rọ mọ́, àti igi gígùn kan tó ṣe tààrà tí a ó fi ṣe guide. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó gba sùúrù ni kí orí tábìlì tẹ́jú pátápátá, torí bí ó bá tẹ̀ ní àárín, gbogbo moulure tó bá ti orí rẹ̀ jáde á rí ségesège.

Ìyára: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í

Àwọn kan gbà pé bí abẹ bá ṣe ń sáré tó ni iṣẹ́ ṣe máa ń mọ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ohun tó ń gé igi ni etí abẹ, ìyára etí abẹ sì wà lọ́wọ́ nǹkan méjì: iye ìgbà tó ń yí àti bí abẹ náà ṣe fẹ̀ tó. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ẹ fi ìbú abẹ ní mílímítà sọ iye ìyípo ìṣẹ́jú kan di púpọ̀, kí ẹ wá fi 19,100 pín in. Ohun tó bá jáde ni iye mítà tí etí abẹ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀. Fraise kékeré 20 mm lórí défonceuse tó ń yí ní 22,000: 20 × 22,000 ÷ 19,100 = nǹkan bíi mítà 23. Ìyẹn dára. Ẹ fi irú fraise kékeré kan náà sórí toupie tó ń yí ní 8,000: á di nǹkan bíi mítà 8 péré. Ó lọ́ra jù, ojú igi á rí gbágungbàgun. Ìyẹn ló fà á tí toupie kì í fi í ṣe iṣẹ́ fraise kékeré dáadáa, àyàfi èyí tó bá ní arbre pàtàkì tó yára.

Ẹ wá yí i padà. Fraise ńlá 80 mm tó ń ṣe panneau, lórí défonceuse tó ń yí ní 22,000: 80 × 22,000 ÷ 19,100 = mítà 92. Ewu ńlá nìyẹn! Fraise náà lè fọ́, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, igi á jóná. Ẹ rẹ ìyára sílẹ̀ sí 12,000, á di mítà 50. Torí náà, défonceuse tí kò ní bọ́tìnì tí a fi ń dín ìyára kù kò gbọdọ̀ rí fraise ńlá rárá.

Fún abẹ ńlá ti toupie, ohun tí a ń fi kọ́ni nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí etí abẹ máa rìn láàárín mítà 40 sí 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá kéré sí 40, igi á máa ta padà sí yín lára. Tó bá ju 70 lọ, irin fúnra rẹ̀ lè fò yọ. Abẹ 120 mm ní 7,000 ń fún wa ní mítà 44. Ó wà láàárín. Ìyára tó ga jù tí abẹ lè gbà wà lára rẹ̀ ní kíkọ. Abẹ tí kò ní nọ́ńbà kankan lára, ẹ má rà á.

Ọ̀ràn iná

Èyí gan-an ló ń pinnu fún ọ̀pọ̀ wa. Iná SBEE tó ń wọ ilé jẹ́ monophasé, 220 V. Défonceuse ń lo ìyẹn láìjanpata. Toupie kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ cheval 2 tàbí 3, ìyẹn nǹkan bíi 1,500 W sí 2,200 W, wà ní monophasé náà. Àmọ́ toupie ńlá máa ń béèrè triphasé, 380 V. Kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ wo compteur yín, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ SBEE bóyá triphasé kọjá ní àdúgbò yín àti iye tí wọ́n máa gbà kí wọ́n tó fà á dé ọ̀dọ̀ yín. Owó okùn lè ju owó ẹ̀rọ lọ.

Ẹni tó ń lo groupe ńkọ́? Mọ́tò toupie, nígbà tó bá ń gbéra, lè fa iná tó tó ìlọ́po 5 sí 7 èyí tó ń lò nígbà tó bá ti ń yí geere. Torí náà, groupe 2.5 kVA tó ń tan défonceuse 1,500 W dáadáa lè kú fin-ín tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì toupie 2,200 W. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún onduleur àwọn tó ń lo iná oòrùn. Défonceuse kì í fa iná púpọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra, pàápàá èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rọ tó wá láti Amẹ́ríkà tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Níbẹ̀, iná ilé jẹ́ 110 tàbí 120 V, ó sì jẹ́ 60 Hz, tiwa jẹ́ 50 Hz. Kódà tí ẹ bá rí transformateur tó ń yí 220 padà sí 110, mọ́tò toupie á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè gbóná. Mọ́tò onícharbon ti défonceuse ò ka 50 tàbí 60 Hz sí, tí volt bá ti tọ́.

Igi ilẹ̀ wa

Igi tí à ń lò ní agbègbè Bassila kì í ṣe sapin tí à ń rí nínú fídíò àwọn òyìnbó. Teak tí àwọn ará wa ń gbìn sí oko ní ohun kan bí iyanrìn nínú rẹ̀, silice ni wọ́n ń pè é, tó ń mú kí abẹ kú kíákíá. Ìrókò a máa ní òkúta funfun nínú nígbà míì. Tí fraise bá pàdé rẹ̀, eyín á ká. Apá, tí wọ́n ń pè ní lingué, àti vène le, wọ́n sì wúwo. Ọ̀gánwó, ìyẹn caïlcédrat, máa ń ní ojú tó lọ́ pọ̀, tó ń ya nígbà tí a bá ń gbẹ́ ẹ.

Fún ẹ̀rọ méjèèjì, abẹ tó ní carbure ní ẹnu ni kí ẹ wá. Èyí tó jẹ́ irin lásán á mú gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lórí teak kò ní pẹ́ kú. Àǹfààní toupie níbí ni pé abẹ rẹ̀ ṣeé pọ́n tàbí kí a pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan. Ọ̀kan ṣoṣo lè sin èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fraise défonceuse kò wọ́n, àmọ́ tó bá ti kú, ọ̀pọ̀ ìgbà la máa ń jù ú nù. Ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ owó ẹ̀rọ.

A ò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé igi ò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni vène ti wà nínú àkójọ kejì ti àdéhùn CITES, tó ń ṣọ́ òwò àwọn ohun alààyè tó ń tán lọ láàárín orílẹ̀-èdè. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Panama ní 2022 sì fi apá àti ọ̀gánwó ti Áfíríkà kún un. Pátákó tí ẹ̀rọ bá fà ya lónìí, kò dájú pé ẹ máa rí irú rẹ̀ rà lọ́la.

Iṣẹ́ mélòó lẹ ní?

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀kùn kan tó ní panneau 6. Panneau kọ̀ọ̀kan ní etí 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ etí 24. Lórí toupie tó lágbára, abẹ ńlá lè parí etí kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lórí défonceuse, ẹ gbọ́dọ̀ gbé fraise sókè díẹ̀díẹ̀, mm 2 tàbí 3 lẹ́ẹ̀kan, kí mọ́tò má bàa jó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìgbà mẹ́rin ni. Ìyẹn ni pé etí 24 á di ìgbà 96 tí ẹ máa ti igi kọjá.

Fún ilẹ̀kùn kan, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Fún ilẹ̀kùn 10, toupie á gba ìgbà 240, défonceuse á gba 960. Tí ìgbà kọ̀ọ̀kan bá gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú, wákàtí 2 ni ti toupie, wákàtí 8 ni ti défonceuse, láìka ìgbà tí mọ́tò máa fi sinmi. Tí ẹ bá ń ṣe ilẹ̀kùn 10 lóṣù, ìyàtọ̀ náà kò ju ọjọ́ iṣẹ́ kan lọ. Tí ẹ bá ń ṣe 10 lọ́sẹ̀, ọ̀ràn ti yàtọ̀.

Lambris náà rí bẹ́ẹ̀. Pátákó plafond tó ní ahọ́n ní ìhà kan àti kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìhà kejì, tí ọ̀kan ń wọ inú èkejì: tó bá jẹ́ fún yàrá kan, défonceuse á ṣe é. Tó bá jẹ́ fún ilé ìjọsìn tàbí gbọ̀ngàn ńlá, tí pátákó jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, iṣẹ́ toupie nìyẹn, pẹ̀lú entraîneur tó bá ṣeé ṣe. Ní ìdàkejì, ọ̀ṣọ́ kékeré lára àga, etí tábìlì, ìwé tí a gbẹ́ sára pátákó, ihò serrure: défonceuse ló ni gbogbo ìyẹn.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀rọ méjèèjì lè gé ọwọ́. Agbára toupie ló pọ̀ jù, torí náà ọgbẹ́ rẹ̀ ló burú jù. Àmọ́ défonceuse ń tan èèyàn jẹ torí ó kéré. Àwọn òfin tí a máa ń tẹ̀ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí nìyí:

1. Igi gbọ́dọ̀ máa lọ pàdé abẹ, kò gbọdọ̀ máa bá a lọ. Lórí défonceuse abẹ́ tábìlì, abẹ ń yí láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì ní ìhà tó jìnnà sí yín, ó sì ń padà sí ọ̀tún ní ìhà tó kọjú sí yín. Torí náà ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ ti máa ti igi wá sí òsì. Tí ẹ bá ṣe òdìkejì, abẹ á já igi gbà lọ́wọ́ yín, á sì fa ọwọ́ tẹ̀ lé e.

2. Ẹ má ṣe ti igi gba àárín abẹ àti guide kọjá. Etí igi tó ń kan guide ni kí abẹ máa gé.

3. Igi kékeré kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ níhòòhò. Ẹ ṣe moulure sára pátákó tó fẹ̀, kí ẹ tó la á sí wẹ́wẹ́. Ẹ gbẹ́ igi ìtìgi méjì, kí wọ́n máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ nígbà gbogbo.

4. Kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ, ẹ yọ prise. Pípa bọ́tìnì nìkan kò tó. Ìrù fraise gbọ́dọ̀ wọlé dáadáa sínú pince, ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan ìsàlẹ̀: ẹ fà á sókè ní mm 2 kí ẹ tó dì í.

5. Iná wa máa ń lọ, ó sì máa ń dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Défonceuse tí bọ́tìnì rẹ̀ ti há sí ibi ìṣiṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ tí iná bá dé, bóyá nígbà tí ọmọ iṣẹ́ ń nu tábìlì. Ẹ ra bọ́tìnì tí kì í tan padà tí iná bá lọ tó sì dé, interrupteur à manque de tension, kí ẹ de é mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Toupie tó dára ti ní i lára. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á.

6. Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí òrùka, kò sí agbádá tàbí ọwọ́ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń yí. Tẹ̀sùbáà àti ẹ̀gbà ọrùn, ẹ bọ́ wọn sílẹ̀.

7. Àwọn toupie àtijọ́ kan ń lo irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n kàn fún mọ́ra, tí kò sí ohun tó dè wọ́n yàtọ̀ sí agbára èso. Irin yẹn lè fò jáde bí ọta ìbọn. Ẹ wá porte-outil ti òde òní tó ní ohun ìdènà. Lára èyí tó tẹ̀ lé òfin Yúróòpù, ẹ ó rí MAN tí wọ́n kọ: ìyẹn ni pé ó yẹ fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ti igi. Èyí tí wọ́n kọ MEC sí lára, entraîneur nìkan ló wà fún.

8. Eruku igi kì í ṣe eruku lásán. Ní 1995 ni IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti fi eruku igi sí àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ti ìrókò tún máa ń yún ara, ó sì ń dí imú. Ẹ bo imú, ẹ bo etí, ẹ sì ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọjá.

Tó bá jẹ́ àlòkù

Ọ̀pọ̀ toupie tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé jẹ́ àlòkù láti Yúróòpù, pàápàá nínú combiné, ẹ̀rọ alákànpọ̀ tí dégauchisseuse, raboteuse, ayùn àti toupie jọ wà lára rẹ̀. Lurem, Kity àti Robland wà lára orúkọ tí ẹ lè rí lára wọn. Tí ẹ bá ti ní combiné, ẹ ti ní toupie nìyẹn! Bóyá abẹ tó dáa àti ohun ìbòrí rẹ̀ ló kù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ di arbre mú lọ́wọ́, kí ẹ mì í síwájú sẹ́yìn. Tó bá ń mì, roulement rẹ̀ ti jẹ. Ẹ fi ọwọ́ yí i, ẹ tẹ́tí sí i: kò yẹ kó máa dún bí ìyẹ̀fun tó ní yanrìn. Ẹ ka àwo kékeré tó wà lára mọ́tò: volt mélòó, Hz mélòó, monophasé àbí triphasé? Ẹ wo arbre, ṣé 30 mm ni? Tó bá jẹ́ ìwọ̀n àjèjì, abẹ rẹ̀ á ṣòroó rí. Ẹ wo bóyá guide àti ohun ìbòrí abẹ ṣì wà. Olùtajà tó bá ní "ẹ ò nílò ìyẹn," kò ní wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá gé. Ní ti défonceuse àlòkù, ẹ tan án nínú òkùnkùn díẹ̀, ẹ wo iná tó ń ṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ charbon. Díẹ̀ kò burú, àmọ́ tó bá pọ̀ tó ń jà ràn-ìn ràn-ìn, mọ́tò ń kú lọ nìyẹn.

Báwo la ṣe máa yàn?

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Èrò tiwa rèé, ní ìbámu pẹ̀lú irú atelier tó wà ní àárín wa.

Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tó ní monophasé, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì lónìí, àga lọ́la, ilẹ̀kùn kan lọ́túnla: kó ra défonceuse, kó sì kan tábìlì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ẹ̀rọ náà ní agbára 1,500 W ó kéré tán, kó ní bọ́tìnì ìyára, kó lè gba ìrù 12 mm. Fraise mẹ́rin tàbí márùn-ún tó dáa sàn ju àpótí kan tó kún fún ọgbọ̀n fraise tí kò mú.

Ọ̀gá tó ti ní ọmọ iṣẹ́ púpọ̀, tí iṣẹ́ ilẹ̀kùn, fèrèsé tàbí lambris ń wọlé lóṣooṣù, tí triphasé sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: toupie ló yẹ ẹ́. Tówó bá ṣẹ́ kù, kó fi ra entraîneur kó tó ra abẹ aláràǹbarà. Kó sì tún ní défonceuse kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí toupie ò lè gbẹ́ ihò serrure.

Ẹni tó wà ní abúlé tí iná ò tíì dé: défonceuse àti groupe ni. Fún iṣẹ́ ńlá, kó di igi rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta lọ bá ẹni tó ní toupie ní Bassila, kó san owó iṣẹ́. Kì í ṣe ìtìjú. Owó tó máa san fún iṣẹ́ ọdún kan lè má tó owó ẹ̀rọ àti okùn iná. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà mẹ́rin tàbí márùn-ún náà sì lè para pọ̀ ra toupie kan, tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé: ta ni yóò máa pọ́n abẹ, ta ni yóò san iná, ta ló láṣẹ láti tàn án. Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń lò tí kò ní olùtọ́jú ló ń tètè kú, òun náà ló sì ń gé ọwọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ dáhùn sórí ìwé kí ẹ tó dá owó tontine yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Iná wo ló wà ní atelier mi? Ilẹ̀kùn tàbí lambris mélòó ni mo ṣe ní oṣù mẹ́fà tó kọjá, kì í ṣe mélòó ni mo ń retí? Ta ni yóò dúró nídìí ẹ̀rọ yìí, èmi àbí ọmọ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún? Tí ìdáhùn kẹta bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ẹ ra ohun ìbòrí abẹ àti bọ́tìnì àbò ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ, ẹ má sọ pé ó di oṣù tó ń bọ̀.